Iṣẹ́ Ìwádìí Àjùmọ̀ṣe Nínú Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà Orí Àwọsánmà: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́, Òbí àti Àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lóde òní, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà orí àwọsánmà kì í fi ìdánwò nìkan gba máàkì. Wọn yóò pín òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, wọn yóò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ìwádìí, wọn yóò sì retí pé kí wọ́n jọ parí rẹ̀ kí sáà ẹ̀kọ́ tó tán. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kan àwọn tí kò sí nínú kíláàsì pẹ̀lú: òbí tó ń fi owó dátà ránṣẹ́, àgbẹ̀ tí wọ́n wá ya àwòrán oko rẹ̀, ahunṣọ òkè tí wọ́n wá bi léèrè iye tó ń tà lọ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àkójọ àlàyé yìí fún gbogbo ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèehò dé Kíṣì.

Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ọ̀kan lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá tó wà lókè òkun ni í mú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe yọrí. Àdéhùn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ara wọn ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni í mú un yọrí.

Kí ni à ń pè ní kọ̀ǹpútà orí àwọsánmà?

Orúkọ náà, tí Òyìnbó ń pè ní cloud computing, lè mú kí ènìyàn rò pé ojú ọ̀run ni nǹkan náà wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ńláńlá tí a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà sí ni àwọsánmà tí à ń wí, níbi tí a ti ń tọ́jú iná àti atẹ́gùn tútù fún wọn tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ni wọ́n ń yá aráyé lò láti ọ̀nà jíjìn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ayálò ń gbà dé ibẹ̀, iye tó bá lò ni yóò sì san. A lè fi wé iná mànàmáná: ẹni tó tan gílóòbù nínú yàrá rẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde, ohun tí mítà rẹ̀ kà ni ó ń san owó rẹ̀.

Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2011, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti òdiwọ̀n, tẹ àlàyé kan jáde tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò. Àmì márùn-ún ni wọ́n ní a fi ń dá ohun tó jẹ́ àwọsánmà mọ̀:

1. Ayálò lè fúnra rẹ̀ gba ohun tó fẹ́ lò, láìdúró de òṣìṣẹ́ kankan.
2. Orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí irú rẹ̀ ni a ń gbà dé ibẹ̀, ìbáà ṣe láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká.
3. Ọ̀pọ̀ ayálò ni ó jọ ń lo àwọn ẹ̀rọ kan náà, láìrí iṣẹ́ ara wọn.
4. Ohun tí a yá lè fẹ̀ sí i tàbí kí ó dín kù kíákíá, bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó.
5. Gbogbo ohun tí a lò ni a ń wọ̀n, tí a sì ń kọ sílẹ̀.

Àmì karùn-ún yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, a ó sì padà sórí rẹ̀ níbi tí a ó ti sọ̀rọ̀ owó.

Ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í yá aráyé ní ibi ìpamọ́ àti kọ̀ǹpútà lọ́nà yìí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Microsoft ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ sí orílẹ̀-èdè South Africa ní ọdún 2019, Amazon ṣí tirẹ̀ sí Cape Town ní 2020, Google sì ṣí tirẹ̀ sí Johannesburg ní 2024. Èyí já sí pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ láti Ṣakí sí irú ibẹ̀ ní láti gba inú wáyà tó wà nísàlẹ̀ òkun kọjá kó tó dé ibi tí wọn yóò ti ṣe é.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe di iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2007, Google àti IBM kéde pé àwọn yóò jọ pèsè ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè máa lò láti ọ̀nà jíjìn. Yunifásítì Washington ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Carnegie Mellon, MIT, Stanford àti àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìṣòro tí wọ́n fẹ́ yanjú ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, nígbà tí iṣẹ́ tó ń dúró dè wọ́n níta ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ tó bá ipò tiwa mu jù wá láti orílẹ̀-èdè Uganda. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Makerere, ní ìlú Kampala, bá àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí irúgbìn lọ́hùn-ún ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àrùn ewé ẹ̀gẹ́. Àwòrán ewé tí wọ́n kó jọ jẹ́ 21,367, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni ó sì ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní oko wọn. Àwọn onímọ̀ irúgbìn wo àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún: àrùn mẹ́rin àti ewé tó dá ṣáká. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n gbé àwòrán náà sí orí Kaggle, ibi ìdíje kan lórí àwọsánmà, kí aráyé lè fi kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá àwọn àrùn náà mọ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe pín. Àgbẹ̀ ya àwòrán, onímọ̀ irúgbìn sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá kùnà, wàhálà àwọn méjì yòókù di asán.

Ohun tó wà nílẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí àti kajú sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Yunifásítì LAUTECH, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ní oṣù Bélú ọdún 2020. Ògbómọ̀ṣọ́ ni olú ọgbà rẹ̀ wà, ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìsẹ́yìn fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní Ṣakí, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe Òkè-Ògùn, tó jẹ́ ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, ti dá dúró láyè ara rẹ̀. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, àjọ IITA ti wà láti ọdún 1967, iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ sì ti kárí ilẹ̀ Áfíríkà.

Nítorí náà, kò sí ohun tó ní kí ẹgbẹ́ ìwádìí kan má ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà láti Ògbómọ̀ṣọ́, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn àti akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti Ṣakí, bí àwọn olùkọ́ wọn bá fọwọ́ sí i. Àǹfààní àwọsánmà gan-an nìyẹn: gbogbo wọn lè ṣí ìwé iṣẹ́ kan náà láìwọ ọkọ̀.

Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀nà méjì pàtàkì tí a fi ń jọ ṣiṣẹ́ oko. Bí ẹnìkan bá bẹ ọ̀wẹ̀, ọrùn olóko ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ yóò ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, wọn yóò jẹun, wọn yóò sì lọ. Bí ó bá jẹ́ àáró, lónìí a wà ní oko tèmi, lọ́la a wà ní oko tìrẹ, iye ebè tí mo bá kọ fún ọ ni ìwọ náà yóò kọ fún mi. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹgbẹ́ jẹ́ ní yunifásítì ni pé olùkọ́ gbé e kalẹ̀ bí àáró, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe é bí ọ̀wẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù di olóko, àwọn yòókù di ọlọ́wẹ̀, gbogbo wọn sì gba máàkì kan náà. Ẹni tó dá iṣẹ́ ṣe bínú. Àwọn yòókù jáde láìmọ ohun tí wọ́n wá kọ́. Ọwọ́ wọn ṣófo ní ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá ní kí wọ́n ṣe é lójú òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọmọ òde òní nìkan. Ní ọdún 1913, Maximilien Ringelmann, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ àbájáde ìwádìí jáde nípa àwọn ènìyàn tó ń fa okùn. Ó rí i pé bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nídìí okùn ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́jọ, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi fà.

Ìṣirò pẹ̀lú kìlọ̀ fún wa. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́fà péré ni ènìyàn méjì-méjì lè gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ó di ọ̀nà 28. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó dára jù. Kí ojúṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan sì hàn kedere:

• Alákòóso: ó ń pe ìpàdé, ó ń kọ ohun tí a fẹnu kò sí sílẹ̀, ó sì ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀.
• Olùtọ́jú dátà: ó ń rí sí bí a ṣe kó dátà jọ, bí a ṣe fi orúkọ sí i àti ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà.
• Olùkọ ètò: ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń dán an wò.
• Olùṣọ́ ẹ̀rọ àti owó: ó ń ṣí ẹ̀rọ tí a yá, ó ń pa á, ó sì ń ka owó lójoojúmọ́.

Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, kí ẹnì karùn-ún di olùyẹ̀wò tí yóò máa tún iṣẹ́ àwọn yòókù ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá èsì kan náà ni yóò jáde. Ní ìdajì sáà, kí wọ́n pààrọ̀ ojúṣe. Nígbà náà ni ó tó di àáró.

Yíyan ìbéèrè tó ṣe é dáhùn

Àkọlé bíi “ìlò àwọsánmà fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀” kì í ṣe ìbéèrè. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìbéèrè tó dára máa ń ní ohun tí a lè wọ̀n nínú. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn mẹ́ta yìí:

1. Bí a bá dín ìwọ̀n àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá kí a tó fi í ránṣẹ́, ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà ṣì lè dá àrùn mọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?
2. Ní Ṣakí, ìṣẹ́jú mélòó ni fífi àwòrán ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ ń gbà ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní òru?
3. Fún iṣẹ́ kan náà, èwo ni ó dínwó jù: kọ̀ǹpútà tí a yá fún wákàtí kan, tàbí èyí tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wúlò fún gbogbo ẹni tó ń ra dátà. Àwòrán ẹgbẹ̀rún kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ megabyte mẹ́ta yóò jẹ gigabyte mẹ́ta. Bí a bá dín wọn kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, megabyte 300 péré ni yóò jẹ. Bí èsì ìwádìí bá fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dá àrùn mọ̀, ẹgbẹ́ náà ti rí ohun tí yóò ṣe àǹfààní fún ará ìlú.

Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, tí iná sì kú

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn báńkì ní Nàìjíríà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí báńkì, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò lè lọ láé.

Ohun tó yẹ ni kí iṣẹ́ lè máa lọ lórí ẹ̀rọ ọwọ́ wa, kí a sì máa fi ránṣẹ́ sí àwọsánmà nígbà tí ọ̀nà bá ṣí. Git, tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005, wà fún irú èyí. Ó máa ń fi gbogbo ìtàn iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a lè lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dé, a ó so iṣẹ́ gbogbo wa pọ̀. Bákan náà ni ó ń kọ orúkọ ẹni tó yí nǹkan padà, ọjọ́ tó yí i àti ohun tó yí sílẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀rí tí olùkọ́ lè wò.

A tún lè kọ́gbọ́n lára Nuru, ètò orí fóònù tí PlantVillage ti Yunifásítì Penn State àti IITA jọ ṣe láti máa dá àrùn ẹ̀gẹ́ mọ̀. Àgbẹ̀ lè lò ó ní ìdí ebè níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, nítorí pé kíkọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ ni ó gba kọ̀ǹpútà ńlá. Nígbà tó ti kọ́ ọ tán, fóònù lásán lè gbé e. Ẹgbẹ́ tó bá mọ ohun tó yẹ kó wà ní àwọsánmà àti ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ti mọ ìlàjì ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó

Dọ́là ni ọ̀pọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ àwọsánmà ńlá fi ń ka owó, mítà wọn kì í sì í sùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ẹ̀rọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó gbàgbé rẹ̀ títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wákàtí 64 ni wọn yóò kà sí i lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ṣe ohunkóhun. Nítorí náà:

• Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Google Colab àti Kaggle ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lo kọ̀ǹpútà alágbára lọ́fẹ̀ẹ́ dé ìwọ̀n kan. Microsoft náà ní ètò akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fúnni ní ọgọ́rùn-ún dọ́là láti lò, láìbéèrè káàdì báńkì.
• Ẹ má ṣe fi káàdì báńkì òbí tàbí ti ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀, tó sì fi òǹtẹ̀ iye owó tí kò gbọdọ̀ kọjá lé e.
• Ẹ ṣètò ìkìlọ̀ tí yóò máa wọlé sórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí owó bá dé ìdajì.
• Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ ó gbé sí gbangba. Àwọn olè ń wá irú rẹ̀ kiri, owó ohun tí wọ́n bá lò yóò sì já lé ẹni tó ni ín lórí.

Ẹ̀tọ́ ẹni tí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 2023, Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú àti ibi tí ilé ènìyàn wà jẹ́ ohun tí òfin náà ń ṣọ́. Ẹgbẹ́ tó bá lọ sí oko tàbí ọjà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ní èdè tí onítọ̀hún gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àti ibi tí yóò wà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó gba ìyọ̀ǹda. Ẹni tó yọ̀ǹda lánàá lè fà á padà lónìí. Níwọ̀n bí dátà orí àwọsánmà ti lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sàn kí a má tilẹ̀ gba ohun tí iṣẹ́ kò nílò. Ewé ẹ̀gẹ́ kò ní orúkọ. Bí àwòrán ewé bá tó, kí la fẹ́ fi nọ́ńbà olóko ṣe?

Ètò ọ̀sẹ̀ méjìlá

• Ọ̀sẹ̀ 1: Ẹ pín ojúṣe. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i.
• Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3: Ẹ yan ìbéèrè, ẹ gba àṣẹ olùkọ́ àti ìyọ̀ǹda àwọn ará ìlú.
• Ọ̀sẹ̀ 4: Ẹ fi àwòrán tàbí àkọsílẹ̀ ogún péré dán iṣẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí yóò ti wọ́ ni yóò fara hàn.
• Ọ̀sẹ̀ 5 sí 7: Ẹ kó dátà tó kù jọ, ẹ sì kọ ètò náà tán.
• Ọ̀sẹ̀ 8: Ẹ pààrọ̀ ojúṣe. Kí olùkọ́ wo ibi tí iṣẹ́ dé.
• Ọ̀sẹ̀ 9 sí 10: Ẹ wọ̀n, ẹ tún wọ̀n, ẹ kọ èsì sílẹ̀, títí kan èyí tí kò bá ìrètí yín mu.
• Ọ̀sẹ̀ 11: Ẹ kọ ìjábọ̀. Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ yá.
• Ọ̀sẹ̀ 12: Ẹ sọ èsì fún kíláàsì, kí ẹ sì padà lọ sọ ọ́ fún àwọn tó fún yín ní dátà.

Ní ti máàkì, olùkọ́ lè pín in sí méjì: apá kan fún iṣẹ́ àpapọ̀, apá kan fún ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Git àti ìwé ìpàdé ṣe fi hàn. Ó tún dára kí ó pe akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó ní kí ó ṣàlàyé apá tí ẹlòmíràn ṣe. Ẹni tó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ebè yóò mọ ibi tí poro gbà.

Ohun tí ẹ̀yin ará ìlú lè béèrè

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun ń ṣe iṣẹ́ àwọsánmà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ojúṣe tìrẹ nínú ẹgbẹ́ náà, ta ni ó ń ṣọ́ owó, kí ni ẹ ó ṣe bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ? Bí ó bá rí wọn dáhùn, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wá sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè ìwé láti ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi dátà náà ṣe, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò padà wá sọ èsì. Nínú àáró tòótọ́, ẹni tí a lò oko rẹ̀ kì í pàdánù ìpín tirẹ̀.